Ẹ̀jẹ̀ Ta Ló Wà Nínú Ìgò Chimène?

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò Chimène, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Chimène."

Bí Dókítà Thierry ṣe wọlé ló sọ ọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì jókòó. Awawou, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Ṣábẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ń jẹ ẹ̀pà sísun lọ́wọ́. Ó na àwo ẹ̀pà sí i, dókítà kò mú ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni Awawou ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló dé, nítorí láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì rí àlejò tó kọ ẹ̀pà Ṣábẹ̀.

"Ẹ jókòó ná, Dókítà. Ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀."

Ọmọ Kétu ni Thierry, ṣùgbọ́n Kutọnu ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ó ti ń káàkiri agbègbè Ṣábẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó bá fẹ́.

"Bí àrùn jẹjẹrẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọmú," ó ní, "kó tó di kókó tí ọwọ́ lè bà, àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni àmì tí à ń wá. Bí a bá dá wọn mọ̀ dájú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré la ó máa fi mọ obìnrin tí àrùn náà ń yọ́ wọ̀ lára. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní àdúgbò Plateau níbí, ìgò kan ṣoṣo ni àwọn àmì yẹn ti pọ̀ pa pọ̀. Orúkọ Chimène ló wà lára ìgò náà. A mú un lọ Kutọnu, ẹ̀rọ ya àwòrán inú ọmú rẹ̀ méjèèjì, a kò rí nǹkan kan. A tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà, àmì kankan kò sí."

"Ṣé ẹ̀rọ yín kì í ṣàṣìṣe?"

"Ó máa ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi tún yẹ ìgò àkọ́kọ́ wò. Àwọn àmì náà ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ."

Awawou gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. "Ìyẹn ni pé obìnrin kan wà nínú ìlú yìí..."

"Tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń rẹ́rìn-ín, tí àrùn sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí a bá tètè rí i, a lè wò ó kó sàn. Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, ó lè ti pẹ́ jù."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àwọn ọlọ́pàá Ṣábẹ̀ ti wá olè rí, wọ́n ti wá àwọn tó sá lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì wá obìnrin tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wá òun rí, kí ikú má baà rí i ṣáájú wọn.

"Ta lẹ fura sí?" Awawou bèèrè.

"Landry. Òṣìṣẹ́ mi ni níbí, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ fìríìsà tí a ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí wà. Mo rí nǹkan pupa tó ṣàn tó sì dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti da ìgò kan nù, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn dípò rẹ̀ kí n má baà mọ̀."

*

Landry jókòó síwájú Awawou, ó ń fi ọwọ́ nu òógùn iwájú orí.

"Ta ló ń ṣí fìríìsà yẹn?"

"Èmi nìkan ni, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Kí lo ń kó sínú rẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Ẹ̀jẹ̀ nìkan?"

Landry wolẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Nǹkan pupa tó dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó tún wolẹ̀. Awawou rò pé ẹni tó bá ń wolẹ̀ tó báyẹn, nǹkan ló ń bò mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ náà ti la Plateau já, wọ́n ti ń pe ìyàwó Landry ní ìyàwó olè ẹ̀jẹ̀.

Lọ́sàn-án ni obìnrin náà gbé àpótí omi dídì rù wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, tòun ti ẹkún. Ó ṣí i síwájú gbogbo wọn. Bisápù ló kún inú rẹ̀, omi òdòdó ìṣápá aládùn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kéékèèké, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, pupa tí ẹ rí nìyí o! Fìríìjì wa ló bàjẹ́. Ọkọ mi ló ń bá mi kó o sínú fìríìsà ẹ̀jẹ̀ yẹn kó lè dì, kí n lè rí i tà. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ, pé ojú á ti òun pa níwájú Dókítà."

Awawou mú ẹyọ kan, ó fi eyín ya etí ọ̀rá náà, ó fà á mu. Bisápù ni lóòótọ́, ó sì dùn. Ó tú Landry sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í sáré tó òkìkí. Bí tọkọtaya náà ṣe ń jáde lọ, àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ṣì ń nàka sí wọn, Awawou sì rí i láti ojú fèrèsé. Ojú tì í. Òun tó ń fi ọgbọ́n yangàn, ó ti ba ọkùnrin kan lórúkọ jẹ́ nítorí omi ìṣápá.

*

Aránṣọ ni Chimène. Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ṣí tán, kò sí aṣọ oníbàárà kankan lórí tábìlì.

"Wọ́n ní àrùn máa gba inú òwú ran àwọn," ó ní, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde. "Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ dé, mo sọ fún Célestin, ẹni tí a jọ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún gbogbo ayé. Wọ́n ní àwọn ò lè gba alárùn wọlé fún ọmọ àwọn. Wọ́n sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti tú àdéhùn náà ká."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kejì ti fi hàn pé ara rẹ le."

"Tántì, ta ló máa gbọ́ ìyẹn? Ẹyin lọ̀rọ̀."

Awawou fa àpótí ìjókòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín, sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Mo dé, wọ́n kọ orúkọ mi, mo jókòó, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, mo lọ sílé."

"Lẹ́yìn tó o jókòó ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n wọlé."

"O rí i nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń wọnú ìgò?"

"Mo dijú, Tántì. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà mí."

"Kò sí ohun míì?"

"Kò sí."

Kò parọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn fún yín, kí ẹ má baà máa fura sí ọmọ ọlọ́mọ bí Awawou ṣe fura sí Landry.

Ó kù Germaine, nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Kò ṣòro láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: bí obìnrin bá ti dé, á kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, á to ìgò náà sórí tábìlì nínú yàrá, obìnrin náà á sì lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lóde. Bí wọ́n ṣe tò lórí bẹ́ǹṣì ni ìgò wọn ṣe tò lórí tábìlì.

"O bi wọ́n ní orúkọ kó o tó gún wọn lábẹ́rẹ́?"

"Gbogbo wọn, Ṣẹ́ẹ̀fù! Ọ̀kọ̀ọ̀kan! Iṣẹ́ mi nìyẹn!"

Ó yá jù lẹ́nu. Awawou gbọ́ ọ, ó sì jẹ́ kó máa lọ. Ó ti kánjú mú ẹnì kan tẹ́lẹ̀, kò fẹ́ kánjú mú ẹlòmíràn.

*

Ọjọ́ kejì ló pe Thierry lórí fóònù.

"Dókítà, ṣé ẹ̀jẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín?"

"Purotéènì kan wà tí orí máa ń fi ránṣẹ́ sí ilé ẹyin obìnrin pé kó ṣiṣẹ́. Bí nǹkan oṣù bá ti dá, ilé ẹyin kò ní dáhùn mọ́. Orí á wá máa ké pè é ṣáá, purotéènì yẹn á sì pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ wá a nínú ìgò Chimène fún mi."

Kò pẹ́ tí èsì fi dé: àgbàlagbà obìnrin ló ni ẹ̀jẹ̀ náà. Awawou rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Germaine, Landry àti Chimène wá sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ kí wọ́n kojú ara wọn.

Bí wọ́n ṣe dé ni wọ́n ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, Germaine ló kọ́kọ́ dé. Nínú yàrá, Awawou ti múra ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ bá Germaine lójijì kó tó rí àyè ro irọ́. Ó kígbe pé, "Ẹni àkọ́kọ́, wọlé!" Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Kò gbé orí sókè, ó kàn fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Irọ́ lo pa fún mi! Níbo lo ti rí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó o rọ sínú ìgò?"

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?" Ohùn ọkùnrin ni, ó sì ń gbọ̀n. "Ewúrẹ́ ni mo wá wí, ọmọ mi. Ewúrẹ́ mi ló sọ nù."

Awawou gbójú sókè. Bàbá arúgbó kan láti Ofè ló dúró síwájú rẹ̀, ó di fìlà mú láyà. Orúnkún Awawou ti kanlẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ má bínú, Bàbá! Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Ẹlòmíràn ni mo rò pé ó wọlé. Ìgbà wo lẹ dé?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn ọmọ yẹn ló dìde fún mi. Àwọn ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Awawou wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìtìjú ń gbóná lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń là nínú orí rẹ̀. Ó dìde, ó yọjú sóde. Germaine ti sún síbi tí Landry wà tẹ́lẹ̀, Landry ti sún sí ti Chimène, Chimène wà lórí ìdúró nítorí bẹ́ǹṣì ti kún. Gbogbo bẹ́ǹṣì ti yí padà, kò sì sí ẹni tó rò pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

"Chimène," ó ní jẹ́jẹ́, "lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín, ta lo dìde fún?"

"Dìde kẹ̀?" Ó ronú. "Màmá Célestin dé lẹ́yìn gbogbo wa, mo sì dìde fún wọn. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n nígbà náà. Ṣé kí n jókòó kí wọ́n wà lórí ìdúró ni?"

"O ò sọ fún mi!"

"Tántì, ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀ téèyàn ń sọ fún ọlọ́pàá?"

Awawou yíjú sí Germaine. Nọ́ọ̀sì náà ti bojú.

"Àwọn ìyá méjì tó wá láti Adido ló kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ yẹn," ó ní láàárín ẹkún. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ìyá tó lè bí ìyá mi, kí n ní kí ni orúkọ yín? Ojú tì mí. Nígbà tí n kò sì ti bi àwọn yẹn, n kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgò tó bá kàn ni mo ń mú. N kò lè sọ ọ́ fún Dókítà."

Ó ti ye Awawou pátá. Àgbà mẹ́ta ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì ti wọlé kó tó kan Chimène, ìgò wọn kò yẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dé kẹ́yìn tí wọ́n gbé síwájú. Àwọn ènìyàn sún lórí bẹ́ǹṣì, ìgò kò sún lórí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Célestin wọ ìgò Chimène, ti Chimène wọ ti ẹni tó tẹ̀lé e, títí dé ìgò tó gbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n kọ Suzanne sí. Suzanne ni orúkọ Ìyá Célestin.

Ó ní kí Thierry yẹ ìgò Suzanne wò. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin ló wà nínú rẹ̀.

*

Ìyá Célestin ń sá kajú lójú oòrùn nínú àgbàlá rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ṣé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin alárùn yẹn náà ni?"

Awawou ní kí wọ́n wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ gbéra lọ sí ọmú òsì, ó sì yára mú un kúrò.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi, Dókítà, Germaine àti Landry. Chimène náà."

Nígbà tó gbọ́ orúkọ yẹn, ó jókòó sórí ibùsùn. "Gbogbo ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nípa ọmọ yẹn! Lọ́jà. Níwájú ìyá rẹ̀."

"Ó ṣì lè kéré, Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò ní Kutọnu. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú."

"Kí n gba iwájú gbogbo Ṣábẹ̀ kọjá lọ Kutọnu? Kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Awawou bẹ̀ ẹ́ títí. Kò sí òfin tó ní kí ọlọ́pàá wọ́ ènìyàn lọ gba ìwòsàn. Ó ti rí ohun tó ń wá, kò sì wúlò fún nǹkan kan. Ó gba ọ̀dọ̀ Chimène lọ, ó sọ fún un pé obìnrin náà kọ̀ láti lọ, pé ìtìjú ti fẹ́ pa á.

Chimène gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Nígbà tí mo mọ̀ pé àwọn ni, Tántì, inú mi dùn. Ó dùn gan-an ni. N kò mọ̀ pé mo burú tó bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó gbé e sókè. Ó wé gèlè rẹ̀, ó jáde.

Ẹnu ọ̀nà Ìyá Célestin ló kúnlẹ̀ sí. Kò wọlé, wọn kò sì ní kó wọlé.

"Màmá, ẹ múra. Mọ́tò Kutọnu máa lọ láàárọ̀ ọ̀la. Èmi ni gbogbo ìlú ti ní mo lárùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, a ó ní ẹ̀yin lẹ ń sìn mí lọ."

*

Láàárọ̀, wọ́n jọ wà ní ibùdókọ̀. Awawou dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn ọkọ̀ kan, nítorí ìṣọ́ kò ì kúrò lára rẹ̀. Ìyá Célestin ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò nígbà tí Alimatou oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kígbe:

"Ìyá Célestin! Ẹ̀yin lẹ ń sìn ín lọ? Lẹ́yìn ohun tó fẹ́ gbé wọ ilé yín? Ha, inú yín mà funfun o! Ọlọ́run á san án fún yín!"

"Wọ́n ṣeun gan-an," Chimène dáhùn, ó gbé báàgì obìnrin náà dání. "Wọn ò jẹ́ kí n dá lọ."

Àwọn tó wà nínú mọ́tò kan sáárá sí Ìyá Célestin. Ọ̀kan ní irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sorí kọ́ bí ẹni tí wọ́n ń nà. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sílẹ̀.

"Alimatou, dákẹ́. Èmi ni." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó tún un sọ sókè. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni! Kò sí ohun tó ṣe ọmọ yìí. Èmi ni mo lárùn, òun ló ń sìn mí lọ."

Alimatou di búrẹ́dì mú, kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Omi ń dà lójú Ìyá Célestin, kò nù ún, kò sì lè wo Chimène.

"Ẹ wọlé, Màmá," Chimène wí. "Mọ́tò ti ń kún."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò tó ẹni tó yẹ kó o máa pè bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́," Chimène wí, ó di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. "Ẹ wọlé, Màmá."